Òwú Tó Ń Gba Oòrùn: Bí Sólà Ṣe Ń Kúrò Lórí Òrùlé Bọ̀ Sára Aṣọ

Bí fóònù bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ ní Mónìyà, ní Akínyẹlé, tí NẸ́PÀ sì ti mú iná lọ, o lè san owó kó o tó rí i ṣáájì. Bẹ́ẹ̀, oòrùn ń ràn yòò lára aṣọ tó o wọ̀. Ṣé aṣọ yẹn kò lè ṣáájì fóònù ni? Ìtàn tá a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Lọ́dún 1839, Edmond Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè di iná mànàmáná. Ó di 1954 kí Chapin, Fuller àti Pearson, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, tó fi sílíkọ́nì ṣe sólà tó wúlò. Nínú ìdá 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà á, nǹkan bí ìdá 6 ló ń sọ di iná. Sílíkọ́nì náà ló pọ̀ jù lórí òrùlé wa dòní. Àmọ́ ó le, ó sì ń fọ́ bíi gíláàsì. Ta ló máa fi rán bùbá?

Ni àwọn onímọ̀ bá yà sídìí òwú. Ní Yunifásítì Fudan ní Ṣáínà, ikọ̀ Peng Huisheng lọ́ okùn méjì tín-ín-rín mọ́ra: ọ̀kan ń gba iná jáde, èkejì ń dá a padà. Ní 2022, Nottingham Trent ní Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì sólà kéékèèké 1,200 sínú òwú, wọ́n hun ún láṣọ tó ṣeé fọ̀.

Òwú tuntun kò ṣàjèjì sí wa. Ara ilé kòkòrò orí igi ni àwọn baba wa ti ń fa òwú sányán. Ṣùgbọ́n ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìsẹ́yìn, a ó sì rán an pọ̀ ni. Tó bá jẹ́ òwú sólà ni, gbogbo ojú rírán yẹn ni iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ó. Wáàtì 0.4 ni aṣọ Nottingham ń mú wá. Bátìrì fóònù 4,000 mAh ń fẹ́ nǹkan bíi wáàtì 15 fún wákàtí kan. Ìyẹn ju wákàtí 37 lọ nínú oòrùn líle! Ó lè tó aago ọwọ́. Fún fóònù, ti orí òrùlé ṣì ni baba.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì sólà wá tà fún ẹ, má wo àwọ̀ rẹ̀. Béèrè pé: wáàtì mélòó?