Ìbádọ́gba Ìdánwò Ọpọlọ Láti Èdè Kan sí Òmíràn

Ìdánwò tí wọ́n túmọ̀ bá ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba nígbà tí máàkì kan náà bá túmọ̀ sí ohun kan náà, yálà Yorùbá ni wọ́n fi bi ènìyàn ní ìbéèrè tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí olùwádìí Richard Brislin ti kọ̀wé lórí títúmọ̀ ìbéèrè ní ọdún 1970, ó ti di àṣà pé kí ẹnìkan túmọ̀ ìbéèrè, kí ẹlòmíràn tún un tú padà sí èdè tó ti wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ lè bára mu délẹ̀ kí ìdánwò má dọ́gba.

Ẹ wo ìdánwò ọpọlọ tó ń jẹ́ Mini-Mental State Examination, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975, tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 30. Ó ní kí ènìyàn máa yọ 7 kúrò nínú 100 léraléra, kí ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, kí ó sì ya àwòrán onígun márùn-ún méjì tó wọnú ara wọn. Ìyá àgbà tí kò di báírò mú rí, ṣùgbọ́n tó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́ láìwo ìwé, yóò pàdánù máàkì níbẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Ilé-ìwé ni kò lọ.

Oríṣi ìṣirò kan wà fún yíyẹ ìbádọ́gba yìí wò, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Ṣé àwọn ìbéèrè náà ń kóra jọ bákan náà ní èdè méjèèjì? Ṣé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wúwo bákan náà? Ẹ̀kẹta ló máa ń dá ìjà sílẹ̀: ṣé ibì kan náà ni òǹkà ti bẹ̀rẹ̀? Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé kò ní yéé wọn ìrẹsì, àmọ́ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò dín. Ìdánwò tó bá kùnà níbí kò yẹ ní èyí tí wọ́n ń fi máàkì rẹ̀ sọ pé ìlú kan sàn ju òmíràn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àwọn olùwádìí tí Hugh Hendrie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun wà lára aṣáájú wọn lo ìdánwò mìíràn, CSI-D, tó ń wá àmì arán, ìyẹn àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán wò láàrin àwọn Cree ní Kánádà. Kò béèrè ìwé kíkà: kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe, níbo ni wọ́n ti ń ra oògùn? Wọ́n á tún bi ẹbí tó ń gbé pẹ̀lú àgbà tí wọ́n ń dán wò ní ìbéèrè. Nígbà tó yá, Olúṣẹ́gun Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi igi ìṣáná rọ́pò àwòrán yíyà: wọn á to igi mẹ́rin, àgbà á sì to tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí Ìdíkàn kéde pé nínú àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65, ìdá 1.35 nínú 100 ni arán ń mú lọ́dọọdún n'Ìbàdàn, 3.24 sì ni láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àìkàwé ìbá mú kí ti Ìbàdàn pọ̀ jù ni. Òdìkejì ni wọ́n rí. Ohun tó lè dín in kù ni pé ọmọ máa ń bo ìgbàgbé òbí rẹ̀, á ní ọjọ́ orí ló fà á. Ìdí nìyẹn tó fi ṣe pàtàkì pé kì í ṣe àwọn tó fìdí rẹmi nìkan ni dókítà tún yẹ̀ wò; wọ́n mú lára àwọn tó yege náà.