Àìsàn Tí Ìdílé Ti Mọ̀ Kí Oníṣègùn Tó Mọ̀ Ọ́n

Ní ọdún 1856, Friedrich Ludwig Meissner, oníṣègùn ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe àkọsílẹ̀ nípa ọmọbìnrin adití kan tó ṣubú lulẹ̀ tó sì kú níbi tí wọ́n ti ń bá a wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ikú náà kò ya àwọn òbí rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ìdágìrì ti pa òmíràn nínú àwọn ọmọ wọn rí. Bí a bá tilẹ̀ la àyà irú òkú bẹ́ẹ̀, a kì í rí àbùkù nínú ẹran ọkàn rẹ̀, torí pé iná mànàmáná tí ń mú ọkàn lù ni àìsàn náà ń bá jà.

Ní 1957 ni Anton Jervell àti Fred Lange-Nielsen, ní ilẹ̀ Norway, fi ẹ̀rọ tí ń ya ìrìn iná ọkàn sórí ìwé ṣàyẹ̀wò ìdílé kan tí mẹ́rin nínú ọmọ wọn mẹ́fà jẹ́ adití tó máa ń dákú, tí mẹ́ta sì kú lójijì. Wọ́n rí i pé àkókò tí ọkàn fi ń gba agbára padà lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan, tí àwọn dókítà ń pè ní QT, ti gùn jù. Etí dídi ló jẹ́ kí wọ́n dá àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló bo àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ mọ́lẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń gbọ́ràn, tí wọ́n sábà ń ka dídákú wọn sí wárápá, títí Cesarino Romano ní Ítálì ní 1963 àti Conor Ward ní Ireland ní 1964 fi ṣàpèjúwe tiwọn.

Ní 1996, àwọn olùwádìí tí Mark Keating ṣíwájú wọn ní Utah rí KCNQ1, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí ọmọ ń jogún, tó ń fa àìsàn náà. Òun ló ń kọ́ ẹnu ọ̀nà tí pòtásíọ́ọ̀mù ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn àti ti etí. Ẹni tó jogún èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń ya adití.

Oògùn tí ń dín ipá ìdágìrì lórí ọkàn kù ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, àmọ́ kò tún jíìnì ṣe. Ègé mẹ́rin ló ń para pọ̀ di ẹnu ọ̀nà kan, èyí tó bàjẹ́ sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ikọ̀ Michael Ackerman ní Mayo Clinic, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021, fi pa KCNQ1 méjèèjì, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó dára, lẹ́nu mọ́, tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò wọn nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn tí wọ́n ti ara sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn mú jáde, tí àkókò QT tó gùn náà sì kúrú. Inú àwo ní yàrá ìwádìí ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nínú ara ènìyàn, ìdènà kan ṣì wà: fáírọ́ọ̀sì tí a ti gba agbára ìpalára lọ́wọ́ rẹ̀ ni irú ìtọ́jú báyìí sábà máa ń fi gbé jíìnì wọ ọkàn, ara ẹlòmíràn sì ti mọ fáírọ́ọ̀sì náà tẹ́lẹ̀, á sì gbógun tì í kó tó débẹ̀.