Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Ẹ̀rọ Àtẹ́lẹwọ́: Ìtàn Ọ̀nà Tí Ìmọ̀ Ń Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Ọmọ Wa

Ní ìpàdé ìparí ọdún ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, lẹ́yìn tí akápò ti ka ìṣirò owó tán, bàbá àgbàlagbà kan dìde. Ó tọ́ka sí àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí olúkúlùkù wọn doríkọ fóònù, ó sì bi wá pé, "Ta ni ó fi nǹkan yìí lé àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́?" Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ ojú yí sí ibi tí àwa olùkọ́ jókòó sí. N kò lè fèsì ní ọjọ́ náà, nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ fèsì nínú ìwé ọdọọdún wa yìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn ná.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fóònù ni ohun àkọ́kọ́ tí ó ti òkèèrè wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1859, Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ohun tí ó wà lọ́kàn Townsend ni pé kí ìwé kíkà di bárakú fún àwọn ènìyàn. Ìwé náà jáde títí di ọdún 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú wọn. Láti ìgbà náà ni ìwé ti di ohun tí àwọn òbí ń wá fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí àwọn baba wa ṣe lo ìwé. Títí di ìgbà èwe àwọn òbí tèmi, bí lẹ́tà bá ti Èkó tàbí láti Gáná dé, ọmọ iléèwé ni a ó pè kí ó kà á. Ìyá yóò jókòó, bàbá yóò jókòó, àwọn aládùúgbò yóò na etí. Bí ọmọ náà bá ka ohun tí kò yé e, àwọn àgbà ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọmọ ni ó mọ̀wé, àgbà ni ó mọ ọ̀rọ̀. Èkíní kò lè ṣe aláìní èkejì.

Ní ọdún 1935, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ tuntun kan wá sí Èkó, tí wọ́n ń pè ní Rediffusion. Ní ọdún 1939 ó dé Ìbàdàn. Wáyà ni ó ń gbé ohùn láti ilé iṣẹ́ wá sínú àpótí kékeré kan nínú ilé ẹni tí ó bá ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ènìyàn wa wo àpótí náà, wọ́n rí i pé bí a bá bá a wí, kò dáhùn. Bí a bá bi í léèrè, kò dúró gbọ́. Wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ mi wà. Nítorí pé àpótí náà kò gba èsì, àwọn tí ó ń gbọ́ ọ ni ó ń fèsì fún ara wọn. Bàbá mi, tí ó gbé ní Ìbàdàn ní ọmọdé, sọ fún mi pé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ àwọn ayálégbé a máa kó ara wọn jọ sí pálọ̀ onílé. Bí ìròyìn bá parí, àríyànjiyàn àwọn àgbà a bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní ohun tí òun kọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń jiyàn ju ohun tí òun kọ́ lẹ́nu àpótí lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣì jẹ́ Olórí Ìjọba, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọba náà ní in lọ́kàn pé kí ẹ̀rọ yìí ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí èmi fi di ọmọdé, ẹ̀rọ náà ti dé ìlú wa, ṣùgbọ́n ilé tí ó wà kò pọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston yóò rántí pé a ní láti fọ ẹsẹ̀ wa kí a tó wọ pálọ̀ oní-tẹlifíṣọ̀n, pé ẹni tí ó bá pariwo yóò padà sí ojú fèrèsé, àti pé bí alẹ́ bá lẹ́, ilé iṣẹ́ náà a kọ orin orílẹ̀-èdè, a sì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbà náà ní àkókò ìsùn, àwa náà sì ní tiwa.

Báyìí ni a ṣe dé ọdún 2001. Kí ọdún náà tó dé, àwọn okùn tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, fóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun ọlọ́lá ni. Owó ìṣẹ́jú kan ni a ń san, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni ènìyàn fi sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2003, Globacom mú ètò sísan owó fún ìṣẹ́jú àáyá dé, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni alápatà, alágbàṣe àti ìyá aláta ti di oní-fóònù. Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú fóònù: Facebook tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, WhatsApp ní ọdún 2009, àti àwọn mìíràn tí ó tẹ̀ lé wọn.

Ta ni ó wá fi í lé àwọn ọmọ lọ́wọ́? Ní ọdún 2013, àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2015, ìdánwò orí ìwé ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ ẹ̀rọ lò kò lè wọ yunifásítì mọ́. Ní ọdún 2013 kan náà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Ògbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà ti gbogbo iléèwé pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ. Àwa olùkọ́ mìíràn fi WhatsApp ṣe yàrá ìkàwé. Èmi fúnra mi ni mo ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé kí wọ́n wá fóònù fún ọmọ wọn. Ẹ̀yin ará òkè òkun ni ẹ fi púpọ̀ nínú wọn ránṣẹ́. Nígbà tí iléèwé ṣí, kò sí ẹni tí ó gba fóònù náà padà. Bàbá mi tí ẹ béèrè, èsì yín nìyí: gbogbo wa ni a fi í lé wọn lọ́wọ́, ìdí rere ni a sì fi ṣe é.

Rere náà kò sì ṣàì wá. Iléèwé wa kò ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó dára. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí ìyá rẹ̀ ń din gàrí. Orí fóònù ni ó ti rí bí a ṣe ń po kẹ́míkà pọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, ohun tí ó jẹ́ pé orí pátákó nìkan ni olùkọ́ rẹ̀ ti ń yà á. Ibi tí kò bá yé e, a dá a padà, a tún un wò. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Ẹni tí ó bá ní kí a sọ fóònù sínú kànga, kí ó kọ́kọ́ wá bá ìyá ọmọ yìí sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan yàtọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí sí gbogbo èyí tí ó ti ṣáájú rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì kì í dáhùn, nítorí náà ọmọ ní láti yíjú sí wa. Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ ń dáhùn. Ó ń fèsì ní ọ̀sán, ó ń fèsì ní òru, kò sì ní àkókò ìsùn. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ó ti lè bá ọmọ kọ àròkọ. Ní sáà tí ó kọjá, mo ní kí kíláàsì mi kọ àròkọ lórí ọjọ́ ọjà ní ìlú wa. Ọmọ kan mú èyí tí ó dára wá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n ó fi ìsọ̀ àwọn tí ń ta òdòdó sí àárín ọjà wa. Nígbà tí mo bi í pé ọjọ́ mélòó-mélòó ni a ń ná ọjà náà, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ti dáhùn, ọmọ kò sì béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí ó ń ta ẹ̀fọ́ nínú ọjà kan náà. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń sùn ní kíláàsì nítorí pé wọn kò sùn lóru. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù títí owó ìdánwò rẹ̀ fi tán, bàbá rẹ̀ kò sì gbọ́ títí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá. Nínú pálọ̀ onílé ti àtijọ́, ta ni ìbá ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò ní rí i?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìlú wa nìkan. Ní ọdún 2023, Dókítà Vivek Murthy, ọ̀gá àgbà nípa ìlera aráàlú ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń lo ju wákàtí 3 lọ lójoojúmọ́ lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ewu ìlọ́po méjì láti ní ìbànújẹ́ ọkàn àti àníyàn. Òun kan náà sọ pé àwọn ọmọ kan ń rí ìrànlọ́wọ́ àti ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ti fi òfin ká fóònù lọ́wọ́ kò ní iléèwé láti ọdún 2018. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba Ìlú Ọba fi ìlànà ránṣẹ́ sí àwọn iléèwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá lílo fóònù dúró ní wákàtí ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025, òfin Ọsirélíà kò fi àyè gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láti ní orúkọ lórí àwọn ìkànnì ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà pàápàá ń wá ibi tí wọn yóò fi í sí.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi obìnrin ń ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní iléèwé fún mi, èmi sì ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ lórí WhatsApp. Mo ń wí pé "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n." Nígbà tí ó yá, ó dákẹ́. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ máa kà á tán ná." Ó gba yàrá rẹ̀ lọ, ó sì mú fóònù tirẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni asọ̀rọ̀mágbèsì.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún kò ṣòro. Gbọ̀ngàn tí a kọ́ ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí á ya yàrá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, kí á kó ìwé àti kọ̀ǹpútà díẹ̀ sí i, pẹ̀lú iná oòrùn, kí olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì máa jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ọmọ máa fi ẹ̀rọ kẹ́kọ̀ọ́ lójú ara wọn àti lójú àgbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí fóònù gbogbo ilé, tiyín ṣáájú, máa sùn sí pálọ̀ ní alẹ́. Ẹ̀yin ará òkè òkun, bí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́, ẹ fi ohùn yín tẹ̀ lé e: ẹ pe ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀, ẹ bi í ní ohun tí ó kọ́, kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ọ tán.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé ti wà. Ẹ̀rọ ti dé, kò sì ní padà. Ohun tí ó kù ni pé kí á padà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ wa, kí á lè máa fèsì kí ẹ̀rọ tó fèsì. Mo fẹ́ kí bàbá tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ní ọdún tí ó kọjá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ìtàn ìlú wa fún wọn nínú yàrá náà. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wọn sí fún wa. Ìlú wa yóò máa gòkè o.