Ìdámọ̀ Kì Í Ṣe Ìdájọ́: Ojú, Ara àti Ìwà Nínú Ìtàn Ilẹ̀ Wa



A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà àwọn àgbà awo tí wọ́n ti lọ àti àwọn tí wọ́n wà láyé.  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí ènìyàn ṣe ń wo ojú àti ara ọmọnìkejì rẹ̀, tí yóò sì ti ibẹ̀ dá ẹjọ́ ìwà rẹ̀. Ọ̀nà ìtàn ni a ó gbà sọ ọ́, nítorí pé àṣà yìí ní orísun, ó sì ti gba ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tí a wà yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, omi Agbóyì jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà láti inú ọ̀sà Èkó bọ́ sínú odò Ògùn, kí ó tó forí lé Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1861, ọdún kan náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, Richard Burton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Fernando Po, gba ọ̀nà yìí lọ sí Abẹ́òkúta. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìnàjò náà jáde ní 1863. Ó wo ojú àwọn ènìyàn wa fínnífínní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilà tí ó wà lójú àti lára wọn pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ní ọdún 1863 yẹn kan náà, òun àti James Hunt wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anthropological Society. Nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n ń wọn agbárí, wọ́n ń fi àwọ̀ ara wéra, Hunt sì ka ìwé kan ní gbangba láti fi sọ pé ènìyàn dúdú rẹlẹ̀ ju òyìnbó lọ.

Ohun méjì nìyí tí wọ́n jọra lójú ẹni tí kò fara balẹ̀. Ẹni tí ó wo ilà, tí ó ní ọmọ ibí báyìí ni èyí, ìdámọ̀ ni ó ṣe. Ẹni tí ó wo àwọ̀ tàbí agbárí, tí ó ní ọ̀dẹ̀ ni èyí, olè ni èyí, ìdájọ́ ni ó ṣe, ẹlẹ́rìí kankan kò sì bá a wí i.

Àwọn baba wa mọ ìdámọ̀ dáadáa. Kí ìwé kíkà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ọmọ ni ìwé ìdílé rẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ ìwé náà jáde títí di 1921, to àwọn ilà Ọ̀yọ́ lẹ́sẹẹsẹ: àbàjà, kẹ́kẹ́ tàbí gọ̀ǹbọ́, pélé, túré, mándé, jàmgbàdì. Àbàjà a dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pélé a dúró lóòró, mẹ́ta, kéékèèké. Ti Oǹdó a gùn, a sì dá wà. Olóólà, ọmọ Ògún, ni ó ń kọ ọ́, omi ìgbín ni a sì fi ń tu ojú abẹ náà lára. Ẹni tí ó sọnù lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ ni yóò sọ ilé tí a ó mú un lọ.

Johnson tún sọ ìtàn kan nípa bí ilà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní Ṣàngó rán ẹrú níṣẹ́ lọ sí òkèèrè. Ọ̀kan nínú wọn hùwà àìtọ́ níbẹ̀, a sì fi abẹ ya á lára káàkiri láti fi jẹ ẹ́ níyà. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, àpá náà dára lójú àwọn ayaba tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní ọba ni irú rẹ̀ yẹ. Ṣàngó ní kí a kọ tòun náà, ṣùgbọ́n ìrora abẹ kò jẹ́ kí ó gbà ju ìwọ̀nba lọ; ibẹ̀ ni Johnson sọ pé àmì ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ti ṣẹ̀ wá. Ẹ kíyè sí i. Àpá kan náà tí ó jẹ́ ìyà lára ẹrú ní òwúrọ̀ ni ó di ẹ̀ṣọ́ lára ọba ní ìrọ̀lẹ́. Abẹ kò yí padà, awọ ara kò yí padà. Ojú tí ń wò ni ó yí padà.

Nígbà tí ogun fọ́n ilẹ̀ Yorùbá ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilà rìn jìnnà ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Ní Freetown, níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ, akọ̀wé a kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti gíga ẹni kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá, a sì tún kọ àmì tí ó wà lójú àti lára rẹ̀. Ní Brazil, ìwé ìròyìn ń gbé ìkéde jáde nípa ẹrú tí ó sá lọ, ilà ojú rẹ̀ sì wà lára ohun tí olówó rẹ̀ fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀ kí a lè mú un. Ilà tí bàbá fi sí ọmọ lójú kí ó má ba à sọnù ni ẹlòmíràn fi ń dọdẹ rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ogun tán. Ilé ẹ̀kọ́ dé, ìlú ńlá dé, ìwé sì gba iṣẹ́ ìdámọ̀ lọ́wọ́ ilà. Àwọn òbí dẹ́kun àtikọlà fún ọmọ, àwọn tí a ti kọ fún sì di ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín. Títí di òní, àwọn aláwàdà a máa bi wọ́n léèrè ẹkùn tí ó ha wọ́n lójú. Wọ́n a máa rò pé ará oko ni ẹni tí ó kọlà, pé kò kàwé, pé kò mọ ohun tí ó ń lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kà á léèwọ̀ láti kọlà tàbí fín àwòrán sí ọmọdé lára. Owó ìtanràn tí kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì, ni ìyà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2007. A kò tako òfin náà. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè gba abẹ tàbí kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ní kí a má kọlà mọ́ kò ní kí a máa fi àwọn tí a ti kọ fún ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò yan án. Ìfẹ́ ni a fi kọ ọ́ fún wọn.

Láti orí ojú, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ dé orí irun. Ní ọdún 1992, àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀, SARS, láti kojú adigunjalè. Nígbà tí ó yá, ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrísí mọ ọ̀daràn. Ìròyìn tí Amnesty International gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 ka ìṣẹ̀lẹ̀ 82, ó kéré tán, láàárín oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 àti oṣù Karùn-ún ọdún 2020, tí wọ́n ti dá ènìyàn lóró, lù wọ́n tàbí pa wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 18 sí 35 ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó ní irun dàda, ẹni tí ó fín àwòrán sára, ẹni tí ó wọ ṣòkòtò jíǹsì tí ó ya, ẹni tí ó gbé fóònù olówó ńlá, àwọn ni wọ́n ń dá dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde ní Èkó àti ní ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tú SARS ká, ní ọjọ́ 20, ìbọn dún ní Lẹkí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ irun yìí dun ọmọ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Dàda. Ọmọ tí irun orí rẹ̀ ta kókó láti inú oyún wá, òrìṣà ni a kà á mọ́, a kì í fi abẹ kàn án láìṣe ètùtù. Àjàká, ẹ̀gbọ́n Ṣàngó tí ó jọba Ọ̀yọ́, Dàda ni. Àwọn àgbà sì ní Dàda ò lè jà, ó ní àbúrò tí ó gbójú. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni ìtàn fi Dàda hàn wá. Báwo ni irun ẹni tí kò lè jà ṣe wá di àmì adigunjalè? Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ ní Nàìjíríà. Ní 2021, ilé ẹ̀kọ́ Achimota ní Ghana kọ̀ láti gba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Rasta nítorí irun wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Accra dá àwọn ọmọ náà láre.

Nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń di adájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, láàárín Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ọjà bàjẹ́, Gómìnà Akinwunmi Ambode sì ní kí a ti ọjà náà. Àwọn tí wọ́n ti ń ra tòmátì àti àlùbọ́sà lọ́wọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ bá dé báyìí. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ń béèrè ìwà. Ojú, fìlà àti ahọ́n ni wọ́n fi ń yan ẹni tí wọn yóò lù.

Ẹ̀yin ọmọ awo pàápàá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó fi ìdè Ifá sí ọrùn ọwọ́ wọ danfo ní Kétu, tí ẹni tí ó jókòó tì í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ bí ó ṣe máa ń rí kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ dá ènìyàn lẹ́jọ́. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí a bá irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa sí ẹlòmíràn.

Ọbàtálá ni ó mọ ara ènìyàn. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ní ẹmu ni ó mu lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún un, àfín, abuké àti arọ sì di ẹni òrìṣà. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ẹni tí ó bá fi àfín ṣẹ̀sín, iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá ni ó ń fi ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, àwọn kan ń pe àfín ní ohun àjèjì, àwọn kan sì ń pariwo pé ọmọ náà kò ní làákàyè. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ń fún awọ ara ní dúdú kò pọ̀ tó lára àfín. Oòrùn ń jó o lára, ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà. Ọmọ àfín tí a fi sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí kò rí ohun tí a kọ sára pátákó, yóò fìdí rẹmi, a ó sì ní olódo ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe Òfin Àwọn Ẹni Àkànṣe ní 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ka fífi ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara dù wọ́n léèwọ̀ gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019. Òfin Ọbàtálá ti wà ṣáájú méjèèjì.

Kí ni Ifá wí sí gbogbo èyí? Ẹ rántí ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá Alámọ̀: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìjà, àti Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ fi ojú yan orí. Èyí tí ó tóbi, tí ó sì dán ni wọ́n mú, wọn kò mọ̀ pé kò jiná. Bí òjò ṣe ń pa wọ́n bọ̀ wá sáyé ni orí wọn ń ṣá, títí ó fi tán. Àfùwàpẹ́ ti rúbọ, ó sì gba ìmọ̀ràn kí ó tó yan tirẹ̀. Orí rẹ̀ gba òjò, kò yingin. Bí ẹni tí ó dúró níwájú Àjàlá fúnra rẹ̀, tí ó di orí mú lọ́wọ́, kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó dára, mélòó mélòó ni àwa tí orí òde nìkan ni à ń rí?

Bí a ṣe ń dá Ifá gan-an ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Oníbèérè a sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún owó ní wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo kì í gbọ́. Ikin 16 tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni yóò fi èyí tí ó jáde nínú Odù 256 hàn. Ọlọ́rọ̀ ni o, akúùṣẹ́ ni o, arẹwà tàbí ẹni tí ìgbóná ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ọ̀nà kan náà ni Odù ń gbà yọ sí wọn. Àwọn tí ó fi ìlànà yìí lélẹ̀ mọ̀ pé ojú a máa tan ènìyàn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ ojú. Awo tí ó bá wo bàtà oníbèérè kí ó tó kì Ifá, ìfẹ́ ojú ara rẹ̀ ni ó kì. Kò kì ti Ọ̀rúnmìlà.

Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sílé, nígbà náà. Ẹni tí ó kọlà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín fi ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ àfín tí ó wà ní àdúgbò, ẹ bá a gba fìlà abetí gbòòrò, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kí ó gbé e sí iwájú. Ọ̀dọ́ tí ó dirun dàda, ẹ béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó pè é lólè. Àlejò tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní èbúté wa, ẹ mọ̀ ọ́n ní orúkọ àti ní ìwà. Ìwà ni ẹ̀sìn wa fi ń wọn ènìyàn, ìwà kì í sì í hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kí Ọbàtálá tí ó mọ wá má ṣe jẹ́ kí a tàbùkù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí orí inú wa má ba ti òde jẹ́. Ọdún á yabo, á yakọ.

Àṣẹ.