Òòrẹ̀ Tí Wọ́n Kọ́ ní Plumstead

Ọ̀rọ̀ méjì la máa kọ́ lónìí: alùpùpù àti òòrẹ̀. Alùpùpù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀kadà nílé. Òòrẹ̀ ni ẹranko tí ẹ̀gún gígùn bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àdúgbò wa yìí gan-an ni ìtàn wọn ti pàdé.

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì gba Plumstead Road láti Woolwich, ẹ ń kọjá níbi tí ilé-iṣẹ́ alùpùpù ńlá kan wà rí. Ìdílé Collier ló dá a sílẹ̀. Matchless ni wọ́n pe ọjà wọn, ìyẹn Aláìlẹ́gbẹ́. (Wọn ò fi ẹnu kékeré polówó o!) Nígbà tí ìdíje TT kọ́kọ́ wáyé ní Isle of Man ní 1907, Charlie Collier ló borí láàárín àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ní sìlíńdà kan. Ní 1931, wọ́n ra AJS ti Wolverhampton mọ́ tiwọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń ya àwòrán alùpùpù eré ìje kan tí ẹ̀rọ yóò máa fi agbára fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní 1946, àwọn aláṣẹ ìdíje fòfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ti lọ jìnnà, wọn ò sì dà á nù. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi irin ṣóńṣó-ṣóńṣó sórí ẹ́ńjìnnì kí ooru lè máa jáde. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Porcupine, Òòrẹ̀!

Les Graham, tó ti wa ọkọ̀ òfuurufú ogun rí, ló gùn ún ní 1949, ọdún àkọ́kọ́ ìdíje àgbáyé. Ní Isle of Man, òun ló wà níwájú nígbà tí ohun tó ń ta iná fún ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, ó ku díẹ̀ kó débi ìparí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ti alùpùpù náà délé. Kò rí máàkì kankan gbà.

Ẹ̀yin tó ń sá fún ìṣirò, ẹ gbọ́ èyí. Ní ìparí ọdún, Nello Pagani ará Ítálì ti kó máàkì 40 jọ, Graham ní 31. Ṣùgbọ́n eré mẹ́ta tí kálukú ti ṣe dáadáa jù nìkan ni wọ́n ń kà. Ó di 30 sí 29. Graham gba ife ẹ̀yẹ!

Ìparí ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ náà kó ẹgbẹ́ asáré rẹ̀ kúrò. Wọ́n ti ra Francis-Barnett, James àti Norton. Lójú èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó, ẹrù náà ti pọ̀ jù. Ní 1966 wọ́n wọ gbèsè. Ní 1968 àwọn èèyàn àkọ́kọ́ kó dé Thamesmead; ní 1969 wọ́n ti ilẹ̀kùn Plumstead pa, àwọn òṣìṣẹ́ sì wábi gbà. Wọ́n ti wó ilé náà.

Bí ẹ bá ní aládùúgbò àgbàlagbà ní Plumstead, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í bóyá ẹbí rẹ̀ kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ orúkọ tí Yorùbá ń pe Porcupine fún un.