Orin Ìjọ àti Ohùn Èdè Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ìbéèrè náà ni pé: nígbà tí Yorùbá onígbàgbọ́ bá la ẹnu kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ǹjẹ́ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni ẹnu rẹ̀ ń sọ?

N kò ṣàdédé bèèrè. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí kò mọ̀wé. Bí dùùrù bá ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ìjọ sì ti ṣí ìwé orin, ìyá yìí a pa ẹnu mọ́, a máa wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin bá dá orin ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ohùn tirẹ̀ ni ó máa ń ròkè jù. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, orin inú ìwé yẹn dùn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ó wí.” Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àríyànjiyàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jà lé lórí kí wọ́n tó bí mi ni ìyá yìí fi gbólóhùn kan là yé mi.

Ẹ̀yin náà mọ dò, re, mí. Ohùn mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára èdè wa. Òun ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọkàn ni ibùgbé ìgbàgbọ́. Láti àárín ni ohùn rẹ̀ ti ń bọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí orin bá gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sí àárín, ọ̀kan ni ó dà, iye lásán. Ẹ̀jẹ̀ tí a fi rà wá padà, bí orin bá fa ìparí rẹ̀ sókè, ẹ̀jẹ́ ni etí yóò gbọ́. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀dá ohùn orin wọ̀nyí ní England àti ní Jámánì kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, nítorí èdè tiwọn kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ báyìí. Èyí tí ó tún wá dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé ohùn orin kan ṣoṣo ni a fi ń kọ ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ẹni tí ń túmọ̀ orin bá tilẹ̀ làágùn títí tí ẹsẹ kìíní fi bá ohùn mu, ẹsẹ kejì yóò já a kulẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Báwo ni a ṣe bá ara wa níbẹ̀? Àwọn míṣọ́nnárì dé Badagry ní 1842. Ní 1846, Samuel Àjàyí Crowther àti Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta láti fìdí iṣẹ́ múlẹ̀. Ọmọ Òṣoògùn ni Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó bọ́ ní 1822, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní 1843. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọkùnrin yìí kò náání èdè baba rẹ̀. Ó máa ń fetí sí ẹnu àwọn àgbà, ó kó òwe jọ púpọ̀púpọ̀, àmì ohùn sì wà lórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1852. Kò tijú láti lo ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti lò ṣáájú: àlùfáà, àdúrà, ìwàásù. (Ti Èṣù, tí Bíbélì wa fi pe Sátánì, èmi kò gbà pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ìjíròrò ọjọ́ mìíràn ni ìyẹn.) Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá fi parí ní 1884, ìwé kan ti wà tí baba àgbà lóko lè gbọ́ kí ó sì mi orí.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nìyí: etí tí ó ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, a kò yá a lò fún orin. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin, wọ́n ka iye sílébù kí ó bá ti òyìnbó dọ́gba, wọ́n sì fi ohùn òyìnbó sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ìlù ni wọ́n tún lé síta. Ẹ̀rù wọn ní ìdí, a kò gbọdọ̀ purọ́. Ìgbìn ti Ọbàtálá ni, bàtá ti Ṣàngó, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí òrìṣà kò sì lè gbọ́ ìró wọn kí ara rẹ̀ má bù ú. Ṣùgbọ́n dùndún àti gángan ń bẹ níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìlù tí ó lè sọ̀rọ̀, tí ìbá sì kọ́ àwọn òǹkọrin bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá orin rìn, òun gan-an ni a tì mọ́ òde.

Ní nǹkan bí 1888 sí 1901, àwọn ìjọ tí ó wà lábẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde ní Èkó. Ẹ rántí Mọ́jọlá Agbébi, tí a bí ní 1860, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent. Ní 1894 ó pa orúkọ náà tì, ó sì gbé ẹ̀wù Yorùbá wọ̀, títí kan ìgbà tí ó lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá bèèrè ìdí tí ìrìbọmi fi gbọ́dọ̀ gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn, kò ní pẹ́ bèèrè ìdí tí ó fi gba orin pẹ̀lú.

Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè kejì yìí ketekete ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, ará Abẹ́òkúta. Ohùn orin tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ lẹ́nu ni ó ń fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí. Ní 1922, ó gbé ohùn rẹ̀ sínú àwo Zonophone ní London, orin náà sì lé ní 40. Baba-baba Fẹlá olórin ni.

Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní London, ó sì jẹ́ atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Kò kórìíra dùùrù. Ohun tí ó ń wá ni orin tí ohùn rẹ̀ yóò máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí ìránṣẹ́ ti ń tẹ̀lé olúwa rẹ̀. Ìwé tí ó kọ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin ní ọmọdé, kí ó tó di ẹni tí ń kọ orin Yorùbá fún dùùrù tí ayé fi gbọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn Aládùúrà kò dúró de ọ̀mọ̀wé. Láti 1925 tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ni àtẹ́wọ́, agogo àti ìlù ti ń wọlé. Nígbà tí ó yá, àwọn ìjọ tí ó ti lé ìlù lọ bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé àwọn ọmọ wọn ń yọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn.

Lónìí dùndún ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀ orin tí a túmọ̀ nígbà náà kò kúrò nínú ìwé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ìpàdé kan tí mo wà, ẹnì kan dábàá pé kí a yọ díẹ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dìde láti kọ̀ ọ́ ni àwọn obìnrin arúgbó. Ọmọ ìyá àgbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà láàrin wọn. Ó ní orin wọ̀nyí ni wọ́n fi sin ìyá òun, àti pé etí òun ti kọ́ ohun tí wọ́n ń wí.