Ọmọdé Ò Mọ Oògùn, Ó Ń Pè É Lẹ́fọ̀ọ́: Ìtàn Májèlé Inú Ilé

Bí ẹ bá wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, ẹ ki íàpíìsì yín bọ etí dáadáa. Ìtàn tòní kan gbogbo ilé tí ọmọ kékeré wà.

Ilé wa ní Mushin ló ti bẹ̀rẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fọṣọ. Ó ti ra bílíìṣì lọ́wọ́ àwọn tó ń po ọṣẹ olómi tà ní ìkòríta. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tà á: inú ike omi tí ẹnìkan ti mu tán ni wọ́n máa ń bù ú sí. Kò sí àkọlé, kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, ó yíjú láti sá aṣọ. Ọmọ rẹ̀, Tèmi, tí kò tíì pé ọdún méjì, gbé ike náà sẹ́nu. Kí ni ẹ fẹ́ kó rò? Ike omi ló rí, omi ló sì mọ̀ pé ó máa ń wà nínú ike omi.

A gbọ́ ikọ́, a gbọ́ igbe. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Epo pupa! Ẹ bá mi gbé epo pupa wá!" Mo sáré wọ kíṣìnì lọ gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Kí n tó dé, Màmá ti fẹ́ ki ìka bọ ọmọ lọ́fun kó lè bì. Ibẹ̀ ni aládùúgbò wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti já wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọwọ́! Ẹ má jẹ́ kó bì! Ẹ má rọ epo fún un!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó jẹ́ kí ọmọdébìnrin jágbe mọ́ àgbàlagbà nínú ilé rẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá," ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó fi aṣọ tútù nu ẹnu ọmọ, ó bọ́ ẹ̀wù tí bílíìṣì ti dà sí, ó fi omi púpọ̀ ṣan àyà rẹ̀. Ó mú ike náà, ó dé e, ó jù ú sínú báàgì. "Ó yá, ilé ìwòsàn."

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, Màmá kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Nígbà tó yá ló bi mí pé, "Ṣé epo tí ìyá mi fi wo gbogbo wa ló wá di nǹkan burúkú lónìí?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé kiri títí mo fi ka ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ọmọ tí kò lè mu omi

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn. Nígbà náà, sódà kò wọ́n nínú ilé wọn, irú kọ́sítíìkì sódà tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ. Wọ́n ń fi ọ̀rá ẹran àti sódà se ọṣẹ, wọ́n sì ń fi ṣí ojú gọ́tà tó dí. Funfun ni, ó rí bíi ṣúgà, agolo rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti oúnjẹ. Kò sí ohun tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé májèlé ni.

Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Chevalier Jackson, tí wọ́n bí ní 1865. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀nà ọ̀fun, kó fi wo inú rẹ̀, kó sì yọ ohun tó há síbẹ̀. Ó tọ́jú àwọn nǹkan tó yọ, láti orí píìnì dé orí bọ́tìnnì. Àkójọ náà ju 2,000 lọ, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mütter ní Philadelphia títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó gbé sódà mì ló dun ọkàn rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí sódà ń ṣe. Kì í jó ara bí iná, kó dúró síbi tó ti bá a. Ṣe ló máa ń yọ́ ẹran ara bí omi ṣe ń yọ́ ọṣẹ, á máa wọlé lọ. Ọmọ lè yè é lọ́jọ́ náà, kí ara rẹ̀ sì dà bíi pé ó ti balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ọgbẹ́ náà á máa san, á máa sún kì, ọ̀nà ọ̀fun á wá tín-ín-rín títí oúnjẹ kò fi ní í kọjá mọ́.

Nínú ìwé tí Jackson kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1938, ó sọ ti ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan, ọmọ tálákà, tó ti gbé sódà mì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni omi lásán kò fi lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Jackson yọ ohun tó dí ibẹ̀. Wọ́n fún ọmọ náà ní omi, ó mu díẹ̀, ó ń retí pé yóò padà jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Omi náà wọlé. Ó mu sí i. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọwọ́ dókítà, ó fẹnu kò ó.

Jackson lè máa tún ọ̀fun ṣe lọ bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ dí ihò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn aṣòfin lọ, ó ń kó ẹ̀rí wá síwájú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fà á. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, 1927, Ààrẹ Calvin Coolidge buwọ́ lu òfin tó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ "májèlé" gàdàgbà sára sódà, ásíìdì àti irú wọn tí wọ́n ń tà fún ìlò ilé, kí wọ́n sì kọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí ẹnìkan bá gbé e mì.

Nígbà tí àwọn dókítà pàápàá ní kí ọmọ bì

Níbí ni mo ti rí èsì àkọ́kọ́ fún Màmá. Kì í ṣe àwọn ìyá wa nìkan ló gbà pé kí májèlé jáde ló dára. Àwọn dókítà náà gbà bẹ́ẹ̀. Ewéko kan wà ní Bùràsíìlì tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe oògùn èébì, wọ́n ń pè é ní ipecac. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n gba àwọn òbí Amẹ́ríkà nímọ̀ràn pé kí wọ́n tọ́jú ìgò rẹ̀ kan sílé. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ti wà lára ìgò náà pé ẹni tó bá gbé sódà, ásíìdì tàbí kẹrosíìnì mì kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ìdí ni pé ohun tó bó ọ̀fun nígbà tó ń lọ, á tún bó o nígbà tó bá ń bọ̀. Kẹrosíìnì sì rọrùn láti yà sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ọmọ bá ń bì. Ní 2003, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé kí àwọn òbí má tọ́jú ipecac sílé mọ́ rárá.

Epo pupa ńkọ́? Ó ní ọgbọ́n tirẹ̀: ó ń yọ̀, ó sì sábà máa ń mú kí èèyàn bì. Ṣùgbọ́n bí a bá rọ ọ́ fún ọmọ tó ń sunkún, tó ń wúkọ́, epo náà lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kò sì lè pa agbára bílíìṣì tàbí sódà. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ni wọ́n ṣe, bí dókítà ipecac náà ṣe ṣe ohun tó mọ̀.

Tẹlifóònù, ìdérí àti ojú tó ń kórìíra

Àkọlé nìkan kò tó, nítorí ọmọ ọdún méjì kò mọ̀wé. Ní Chicago, apòògùn kan, Louis Gdalman, ti ń kọ ìmọ̀ nípa májèlé sórí káàdì kéékèèké, ó sì ń dá àwọn dókítà tó bá pè é lóhùn. Ní ìlú náà, ní 1953, ni wọ́n ti dá ibùdó ìmọ̀ májèlé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Kánádà, Dókítà Henri Breault ní ìlú Windsor ti rí ọmọ tó mu májèlé títí ó fi sú u. Akitiyan rẹ̀ ló bí ìdérí tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó yí i, ní 1967. Ní 1970, Amẹ́ríkà fi irú ìdérí bẹ́ẹ̀ sínú òfin.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Pittsburgh kan náà, Dókítà Richard Moriarty gbé àwòrán Mr. Yuk jáde: ojú aláwọ̀ ewé tó yọ ahọ́n bí ẹni tó jẹ ohun kíkorò. Àwòrán agbárí àti egungun kò ba àwọn ọmọ ìlú náà lẹ́rù. Àwọn ajalèlókun inú eré ni wọ́n fi ń rántí. Nítorí náà, wọ́n bi àwọn ọmọdé fúnra wọn pé ojú wo ni wọn kò fẹ́ràn jù.

Ẹ wo ọ̀nà tí ìtàn náà gbà: láti ọ̀fun bọ́ sí agolo, láti agolo bọ́ sí ìdérí. Ṣe ni wọ́n ń lé ewu náà jìnnà sí ọmọ díẹ̀díẹ̀.

Àwa ńkọ́? A ní NAFDAC láti 1993, kẹ́míkà àti ọṣẹ sì wà lára ohun tó ń bójú tó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bu bílíìṣì sínú ike omi, a ti fọwọ́ ara wa yọ àkọlé Jackson, a sì ti sọ ìdérí Breault nù.

Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín

Ẹ gba nǹkan náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó bá rin, ẹ fi omi ṣan ara tàbí ojú tó bá kàn. Ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ má rọ epo pupa, omi iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Bí ó bá lajú, tó ń gbé itọ́ mì dáadáa, ó lè mu omi ìmu kan tàbí méjì, láìfipá mú un. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì pe 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ike náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bó bá ti ń rẹ́rìn-ín.

Tèmi ti ń rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà. Ó tọ́ ọ wò ni, kò gbé púpọ̀ mì. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí fún Màmá tán, ó ní, "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àgbà ló yẹ kó mọ̀." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kó gbogbo ike tí kò ní àkọlé jáde nínú kíṣìnì, ó ní kí n wá bá òun gbé àga, kí a gbé ìyókù sókè àjà.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ kan lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná o.